Mo Lọ Wo Ọkọ̀ Agbébàálù Tí Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Wá Sìnkú Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí mo ti dé, tí ẹ ń bi mí pé, "Ìyá Fọlákẹ́, báwo ni ìlú òyìnbó?", mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n sọ pé ó dára. Ó dára. Iná kì í lọ, omi ń yọ, ilẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iná ni mo lọ wò. Ìbínú ló gbé mi lọ sí Jámánì, inú náà sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọkọ mi kú, a sì sin ín sí àgbàlá wa ní Ìkìrun níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn. Fọlákẹ́, àkọ́bí mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Berlin, wá. Ṣẹ́gun, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí bàbá wọn bí, kò wá. Àbúrò ọkọ mi ló bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sórí pósí, níbi tó yẹ kí àrẹ̀mọ dúró sí. Àwọn kan nínú yín gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ẹ kò rí i. Mo rí yín.

Kí ló dé tí kò wá? Ó ní iṣẹ́ ọkọ̀ ogun ni. Ẹnjiníà ni ní ilé-iṣẹ́ kan ní Hamburg tí wọ́n ti ń ṣe pọ́ǹpù. Wọ́n ń ṣe pọ́ǹpù tó máa fi omi tu ẹ́ńjìnnì lára nínú ọkọ̀ agbébàálù kan, ìyẹn ọkọ̀ ogun ràbàtà tí bàálù ń gbéra lórí rẹ̀ láàárín òkun, tó tún ń balẹ̀ sórí rẹ̀. Ó ní òun kò lè kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ náà kì í tilẹ̀ ṣe ti Jámánì. Jámánì kò ní ẹyọ kan. Ti orílẹ̀-èdè mìíràn ni, wọ́n kàn ní kí wọ́n bá wọn ṣe pọ́ǹpù. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ṣùgbọ́n nítorí pọ́ǹpù onípọ́ǹpù, ọkọ mi wọ ilẹ̀ lọ bí ẹni tí kò bí ọkùnrin.

Nígbà tó yá ló pè mí. Ó ní ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá kí Hamburg, wọ́n á sì jẹ́ kí àwọn tó ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ mú ẹbí wọn wọlé. "Mọ́mì, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Mo ní, "Mò ń bọ̀."

Kí n tó kúrò nílé, mo lọ síbi sàréè. Mo bu erùpẹ̀ kúnwọ́, mo dì í sínú aṣọ ìnujú funfun tí ọkọ mi máa ń mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ta á ní kókó. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé, tí a bá dé iwájú pọ́ǹpù yẹn nínú ọkọ̀, màá gbé erùpẹ̀ náà lé Ṣẹ́gun lọ́wọ́, màá sì bi í pé, "Èwo ló wúwo jù?"

Marzahn

Ní Berlin, ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́ ni mo kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sí. Marzahn ni wọ́n ń pe àdúgbò wọn. Ilé gogoro ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn jọra wọn débi pé lọ́jọ́ tí mo dá jáde, ẹnu ọ̀nà ilé onílé ni mo dúró sí tí mò ń kanlẹ̀kùn bí alágbe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìkíni. Mo bá obìnrin kan pàdé nínú líìfùtì, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Ó wo bàtà mi. Mo tún un kí, nítorí mo rò pé kò gbọ́. Ó wo ògiri. Ọmọ yín ti kí yín ní àárọ̀ rí kí ẹ wo ògiri? Fọlákẹ́ ní wọn kò fi ṣe àrífín, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo ní èmi kò bi í bóyá àrífín ni, mo ní èmi kí èèyàn, èèyàn kò dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ Sunday, mo gbé ẹ̀rọ ìlọta jáde kí n lọ ata fún ọbẹ̀. Kò tíì lọ ata náà dáadáa tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. Ìyá àgbà kan láti ilé ìsàlẹ̀ ni, irun rẹ̀ funfun báláú. Ó ní Sunday ni, ariwo kò sí lónìí. Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ń tẹríba. Mo ní, "Bi í bóyá a pa èèyàn. Ata là ń lọ̀!" Ọmọ mi kò jẹ́ túmọ̀ rẹ̀. A jẹ ọbẹ̀ tí a fọwọ́ gé ata rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì dùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ìyá yẹn kan náà tún kanlẹ̀kùn, ó gbé kéèkì eléso wá fún mi nínú abọ́, ó dúró títí a fi fọ abọ́ náà fún un, ó sì lọ. N kò mọ èyí tí mo lè bínú sí mọ́.

Ọmọ Fọlákẹ́ tó ń jẹ́ Tèmi ń bá mi sọ Jámánì, èmi ń dá a lóhùn ní Yorùbá, a sì ń gbọ́ra wa yé. Lọ́jọ́ kan ó rí kókó aṣọ ìnujú nínú báàgì mi. Ó ní, "Oma, was ist das?", ìyẹn ni pé, "Ìyá àgbà, kí nìyí?" Mo ní, "Ti bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun ni, fi sílẹ̀." Ó fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bá Ṣẹ́gun jà ní Hamburg."

"Ta ló fẹ́ jà?"

"Mo mọ̀ yín."

Ó mọ̀ mí lóòótọ́.

Hamburg

Ṣẹ́gun dúró dè mí ní ibùdókọ̀ ojú irin Hamburg. Bó ṣe rí mi báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ọ̀pọ̀ èrò, àyà nílẹ̀, nínú aṣọ òtútù dúdú. Àwọn tó ń fa àpótí ń yà fún un. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ rélùwéè sáré wá, ó rò pé ó dákú. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ kí n tó ní kó dìde. Ẹ má bá mi wí. Ọdún mẹ́ta ni n kò ti rí ọmọ yìí, inú mi sì dùn pé kò gbàgbé ilé, ṣùgbọ́n inú kan náà ló ń bí mi.

St. Georg ni ilé rẹ̀ wà, kò jìnnà sí ibùdókọ̀. Àdúgbò yẹn yàtọ̀ sí Marzahn. Mọ́sáláṣí wà níbẹ̀, ilé ọtí wà níbẹ̀, gbogbo àwọ̀ ènìyàn ló ń kọjá, àwọn kan sì ń kí èèyàn. Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ létí omi, ó ra búrẹ́dì fún mi. Mo gé e jẹ. Ẹja ló wà nínú rẹ̀, ẹja tí kò rí iná rí láyé rẹ̀! Wọ́n kàn rẹ ẹ́ sínú omi kíkan, wọ́n kó àlùbọ́sà lé e. Mo ní, "Ṣẹ́gun, ṣé bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ nìyí?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mo sì yí ojú mi sí odò.

Nígbà tí a délé tí a jẹ ẹ̀bà, ó gbé fóònù rẹ̀ jáde láti fi ọkọ̀ hàn mí. Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mo rí pọ̀ jù mí lọ. Orí ọkọ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí pápá ìṣeré, bàálù tò sórí rẹ̀ bí adìyẹ tó wọ̀.

"Oríṣi méjì ló wà, Mọ́mì," ló wí. "Èyí tó ń jó epo, òun ni tiwa tó ń bọ̀ yìí. Ọkọ̀ agbépo gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé e lójú òkun kó lè máa rọ epo fún un. Èkejì ni alátọ́ọ̀mù. Iná átọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀ tó ń se omi, ooru omi náà ló ń ti ọkọ̀ lọ. Ìyẹn lè rìn ju ogún ọdún lọ láìbu epo."

"Ogún ọdún? Kò ní padà sílé?"

"Ó máa ń padà o. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ á jẹun. Bàálù orí rẹ̀ á sì mu epo, tórí bàálù kò ní átọ́ọ̀mù nínú."

"Ẹ gbọ́ mi o!" ni mo wí. "Alátọ́ọ̀mù pàápàá ń padà sílé wá jẹun! Ìwọ ńkọ́?"

 Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun mìíràn kí ọ̀rọ̀ lè kọjá, pé ọ̀pọ̀ ìlú kì í fẹ́ kí alátọ́ọ̀mù wọ èbúté àwọn nítorí ìbẹ̀rù, pé elépo rọrùn láti gbà lálejò. Ó ní nǹkan tó tún le nínú ti alátọ́ọ̀mù ni pé tó bá di arúgbó, a kò kàn lè wó o tà bí irin àlòkù. Wọ́n á gé ibi tí iná náà wà jáde, wọ́n á fi irin bò ó, wọ́n á gbé e lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀, wọ́n á sin ín, wọ́n á sì máa ṣọ́ ibẹ̀.

Mo fi abọ́ sílẹ̀.

"Wọ́n ń sin ọkọ̀?"

"Apá kan nínú rẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Wọ́n ń gba àyè níbi iṣẹ́ láti sin ọkọ̀! Irin! Irin tí kò bí ẹnikẹ́ni, tí kò rán ẹnikẹ́ni ní ilé-ìwé, tí kò ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé dé Jámánì! Irin ní àwọn tó ń ṣọ́ sàréè rẹ̀. Bàbá rẹ ńkọ́, Ṣẹ́gun?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló bu erùpẹ̀ sórí bàbá rẹ?"

 Ó kó abọ́, ó lọ fọ̀ ọ́, ó sì pẹ́ nídìí omi ju bó ṣe yẹ kí abọ́ méjì mú èèyàn pẹ́ lọ.

Ẹnu géètì èbúté

Nígbà tí ọjọ́ pé, a lọ. Mo wọ aṣọ òfì mi, mo wé gèlè, mo gbé báàgì mi kọ́ apá. Láti òkèèrè ni mo ti rí i. Àwòrán fóònù kò ṣe é rárá. Ó ga ju ilé Marzahn lọ lójú mi, ó dúró sórí omi bí ẹni pé òun ló ni ìlú. Ṣẹ́gun ń na ọrùn wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Káàdì ìwọlé rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì yé fọwọ́ kàn án. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé pọ́ǹpù náà kúrò lọ́dọ̀ àwọn, òun kò fojú kàn án mọ́.

A tò sórí ìlà. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, Frau Petersen, wà lẹ́yìn wa. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kí mi, ó ní ọmọ gidi ni ọmọ mi. Mo ní a dúpẹ́. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́.

Nígbà tó kàn wá, ọ̀dọ́mọkùnrin sójà kan ní kí n ṣí báàgì mi. Ó yọ Bíbélì mi, ó yọ awò ojú mi, ó yọ aṣọ ìnujú náà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì bi Ṣẹ́gun ní ìbéèrè.

"Mọ́mì, kí ló wà nínú èyí?"

"Tú u kó o wò ó."

Kò tíì tú u tán tí ojú rẹ̀ fi yí padà. Ó mọ aṣọ náà. "Ti Bàbá nìyí."

"Òun ni. Erùpẹ̀ orí sàréè rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Tìrẹ ni. Ìwọ ló yẹ kó o dà á sórí pósí."

 Sójà náà pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà kò bú wa o, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní iyanrìn kò gbọ́dọ̀ dé orí ọkọ̀. Ẹnu ẹ́ńjìnnì bàálù ń fa nǹkan, ó ní òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo tó bá kó sínú rẹ̀ lè bà á jẹ́, bàálù sì lè já bọ́. Ó ní kí bàálù tó gbéra, gbogbo àwọn atukọ̀ á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á doríkodò, wọ́n á máa rìn lẹ́sẹ̀-lẹ́sẹ̀ láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, wọ́n á máa ṣa ohunkóhun tí ojú wọn bá rí nílẹ̀. Ó wá na ìka sí garawa ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ó ní kí a dà á síbẹ̀.

Háà! Kí n da ọkọ mi sínú ìdọ̀tí! Mo pariwo. Gbogbo ìlà ló yíjú. N kò bìkítà. Mo gba aṣọ ìnujú náà lọ́wọ́ Ṣẹ́gun, mo dì í, mo fi sí àyà mi.

"Máa wọlé lọ," ni mo wí fún un. "Èmi àti bàbá rẹ á dúró síta. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó máa dúró dè ọ́."

Kò wọlé. Frau Petersen wá bi í pé kí ló dé. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣẹ́gun fi dá a lóhùn, bóyá kí n lè gbọ́.

"Erùpẹ̀ ibojì bàbá mi ni. Bàbá mi kú."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí à ń parí pọ́ǹpù."

Ojú obìnrin náà pọ́n. "Ara rẹ̀ kò yá ni o sọ fún mi! Mo ní kó o bá mi kí i, kó tètè gbádùn. Mo tún bi ọ́ lẹ́yìn ìyẹn. O ní ó ti ń sinmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ."

"Bí o bá ti sọ pé ó kú, ọjọ́ yẹn gan-an ni ò bá ti lọ. Kò sẹ́ni tó máa dá ọ dúró."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́! Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ sì máa ń ṣe é. Ta ni nínú wa tí í la ọ̀rọ̀ ikú mọ́lẹ̀ lójú àgbà? Ara bàbá kò yá ni à ń sọ, bàbá lọ sinmi ni à ń sọ. Kí ẹ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ìkìrun níbí, á kígbe, "Yé! Kí lo wá ń dúró ṣe?" Á fúnra rẹ̀ wá ọkọ̀ fún yín. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ nígbà náà, ó ṣì wà nínú oṣù tí wọ́n fi ń dán èèyàn wò, ẹ̀rù ọ̀gá ń bà á, ó wá fi ẹnu ilé wa bá ẹni tí kò gbé ilé wa rí sọ̀rọ̀. Ó dúró kí obìnrin náà gbọ́ èyí tí òun kò sọ. Obìnrin náà sì gbọ́ èyí tó sọ, ó ń kí òkú pé kó tètè gbádùn!

Inú bí mi sí Ṣẹ́gun débi pé mo fẹ́ gbá a létí níwájú sójà. Àti ọkọ̀ náà o, tí mo ti ń ṣépè fún láti ọdún tó kọjá, kò dá ẹnikẹ́ni dúró. N kò mọ ibi tí màá sọ ẹrù ìbínú mi kalẹ̀ sí mọ́.

Sójà náà ní kí a jọ̀wọ́ sọ̀rọ̀, ìlà ń gùn. Ta ló ń wọlé, ta ni kò wọlé? Ṣẹ́gun gbójú sókè wo ọkọ̀ náà.  Lẹ́yìn náà ó bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀, ó gbé e lé Frau Petersen lọ́wọ́, ó sì kúrò lórí ìlà. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi lórí kọnkéré, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ fún mi, Mọ́mì."

Mo gbé e fún un. Ó tú u, ó bu díẹ̀ sáàárín ìka rẹ̀, ó wò yíká. Kọnkéré ló wà lápá kan, irin ló wà lápá kejì, omi dúdú ló wà níwájú wa tí epo ń tàn lórí rẹ̀.

"Níbo ni kí n dà á sí?" Omijé ti bò ó lójú.

"Bàbá rẹ kò sí níbí," ni mo wí. "Dì í padà. Ìwọ lo máa gbé e wálé."

Frau Petersen kò wọ ọkọ̀. Ó dúró tì wá, ó wá bi í pé ọ̀sẹ̀ mélòó ló fẹ́. Ṣẹ́gun yíjú sí mi, ojú bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tí tíṣà bá bi í ní ìbéèrè.

Mo ní, "Má wò mí. Dá a lóhùn, kó o sì là á mọ́lẹ̀."

Ó nu imú. Ó ní, "Bàbá mi kú. N kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Mo fẹ́ lọ sílé ní Kérésì."

Obìnrin náà ní, "Máa lọ."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ọ̀rọ̀ tó lè tán lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, a gbé e rìn láti Ìkìrun dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ogun.

Ilé

Mo ti dé, ẹ sì ti rí mi. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo ti jẹ ẹja tí iná jinná, mo kí èèyàn láàárọ̀, wọ́n sì kí mi padà.

Ṣẹ́gun pè mí lánàá. Ó ní aṣọ ìnujú náà wà lórí tábìlì òun. Mo ní orí tábìlì kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀, Mọ́mì. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì." Mo ní tó bá dé Ìkìrun ni màá gbà á gbọ́.

Bíríkìlà tó fẹ́ fi táìlì sí sàréè ọkọ mi tún wá láàárọ̀ yìí. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí mo ti ń dá a padà, ó sì ti ń sú u. Ó tọ́ka sí ibi tí mo ti bu erùpẹ̀, kòtò kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní òun lè fi ṣọ́bìrì kan dí i nísinsìnyí, kí òun wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo ní, "Gbé ṣọ́bìrì rẹ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó máa dí i ń bọ̀."